Abẹ Tí Ewé Ìpín Bó Láwọ̀

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ẹbí ọkọ mi ti ń sọ pé ẹnu mi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Wọ́n sọ ọ́ níbi ìkómọjáde, wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú, wọ́n sọ ọ́ sétí àwọn ọmọ tí mo fi inú ara mi bí. Yàtọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́, n kò fèsì, nítorí pé apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó. Ẹni tí mo lè torí ọ̀wọ̀ rẹ̀ dákẹ́ nínú wọn ti kú tán. Mo fẹ́ kọ apá tó kù sílẹ̀ báyìí tí ojú mi ṣì ń ríran.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi nílùú Ọ̀tà. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, ó ti kúrò ní fífá orí lábẹ́ igi, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan tó ní dígí ńlá àti àga tó ń yí. Àwọn oníbàárà tó níyì lójú rẹ̀ jù lọ ni àwọn akọ̀wé àti àwọn ọkùnrin tó ti ogun Bọ́mà dé, nítorí pé àwọn ló ní abẹ olójú kan. Abẹ yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń pọ́n lára awọ. Ó ní èèkù gígùn bí ìka, ó sì ní orí tó ń ṣí tó ń pa dé bí ẹnu. Inú ẹnu yẹn ni wọ́n ń ki bíléèdì sí, bíléèdì tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló mú. Eyín kéékèèké tò sí ìsàlẹ̀ ẹnu náà bíi ti òòyà, àwọn ni kì í jẹ́ kí bíléèdì wọ ẹran ara. Nígbà tí bíléèdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olójú méjì gba ìgboro, tí olójú kan wá wọ́n, àwọn tó ni abẹ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá fún bàbá mi, kí ó bá wọn gẹ irun lọ́fẹ̀ẹ́ dípò rẹ̀. Kì í gba gbogbo rẹ̀. Ó máa ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Èmi ni mo máa ń jókòó tì í bí ó bá ń ṣà wọ́n, nítorí pé ojú tirẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Á gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́.

"Kí lo rí?"

"Ó dára, Bàámi."

"N kò bi ọ́ bóyá ó dára. Mo ní kí lo rí?"

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. A ó pa ẹnu abẹ náà dé láìsí bíléèdì nínú rẹ̀, a ó gbé e kọjú sí ojú ọ̀run. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà láti igun dé igun. Bí ó bá fẹ̀ níbì kan, abẹ náà ti já bọ́ rí, orí rẹ̀ ti wọ́. A ó mì í létí. Bí oríkèé rẹ̀ bá ń dún, ó ti gbó. A ó fi èékánná wọ́ eyín rẹ̀ lọ, nítorí pé èékánná máa ń rí ohun tí ojú kò rí. Etí kékeré méjì tún wà ní igun ẹnu rẹ̀ tó ń dá bíléèdì dúró kí ó má yọ síwájú. Bí ọ̀kan bá ti jẹ, bíléèdì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbọ̀n oníbàárà ló sì máa jìyà rẹ̀.

Àwọ̀ ni bàbá mi máa ń wò gbẹ̀yìn. Idẹ ni ara abẹ wọ̀nyí nísàlẹ̀. Fàdákà ni wọ́n fi bo idẹ náà, fàdákà tí kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bí ó bá pẹ́, fàdákà á dúdú. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan dúdú yẹn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí a fi yọ ọṣẹ gbígbẹ tó há sáàárín eyín, ó tán. "Ọṣẹ gbígbẹ yẹn ni ìdọ̀tí," ó ní. "Dúdú kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tó bá ní òun ń ha dúdú kúrò, fàdákà ló ń ha."

Nígbà tó kú, àwọn arákùnrin mi pín ilé, wọ́n pín ilẹ̀ tó wà lọ́nà Alápòtì. Wọ́n gbé àpótí abẹ fún mi. Wọ́n ní obìnrin ń lọ sílé ọkọ, kí ni obìnrin fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bí ó ṣe ń gbé àpótí náà fún mi, kí n má ba à rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i.

Ọmọ Ṣakí ni ọkọ tí mo fẹ́. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Sango. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran ni ó wà, ó sì ti di súpáfásọ̀, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, nídìí iná tí wọ́n fi ń yan abọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn. A gba yàrá méjì ní Joju. A bí ọmọ méjì. A kò lówó, ṣùgbọ́n a máa ń jẹ ẹja.

Ìgbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, dé ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Ẹni tí kò bá gbé Sango nígbà náà kò lè mọ bí ó ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, láàárọ̀, fèrè kọ́ńpìnnì mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń han tẹ̀ léra wọn, a ò nílò aago. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, náírà kò sì tó rà á mọ́. Nígbà tó yá, a kàn ń gbọ́ fèrè kan ṣoṣo, ti kọ́ńpìnnì ọkọ mi, gbogbo àdúgbò sì máa ń fetí sí i bí ẹni ń fetí sí èémí aláìsàn. Ìjọba kò rántí owó oṣù tíṣà. A kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjù, nítorí pé ìyá mi ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n á rí gàrí jẹ níbẹ̀. Ọmọ mi kékeré kò sunkún nígbà tí mo ń lọ. Ó ti rí abọ́ oúnjẹ.

Àárín ìgbà yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Ṣakí. Opó ni. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè bi í pé ìgbà wo ló ń padà. Ẹni tó bá ń ka èyí á rí i pé "ó" ni mo ń pè é, kì í ṣe "wọ́n". Mo pè é ní "wọ́n" tó nígbà tó wà láyé.

Ó ń yan ẹ̀pà níwájú ilé, ó ń tà á fún àwọn tó ń bọ̀ láti ṣíìfù. N kò bínú sí ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ìwé tó fẹ́ fi máa dì í wọ́n, ó wá wọ yàrá mi, ó wá ìwé títí ó fi rí àpilẹ̀kọ tí mo fi gba oyè ní yunifásítì, èyí tí mo kọ lórí àwọn ọjà Àwórì àtijọ́, tí mo fi ọdún méjì kọ, tí kò sí ẹ̀dà mìíràn lọ́wọ́ mi. Ó fà á ya ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo rí ọkùnrin kan tó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu láti inú orí kẹta.

"Ìyá, ìwé mi nìyẹn," mo wí.

"Ìyàwó, ṣé o kò tíì kà á tán ni?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà."

"Ìyẹn ni pé o ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"

Àwọn tó ń ra ẹ̀pà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, nítorí pé a kò gbọ́dọ̀ má kí ẹ̀gbọ́n ọkọ, mo sì ń dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Ó di ọjọ́ kọkànlá tí a ti wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ abẹ wálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

"Wọ́n fẹ́ lẹ orúkọ mọ́ géètì lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní. "Àwọn tó ń lọ."

"Orúkọ yín wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Pásónẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi." Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ tó sì ń lé ni nìyẹn. "Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà kan wà."

Ọ̀nà náà ni pé ọ̀gá òyìnbó kan ń bọ̀ láti òkè òkun ní òpin ọ̀sẹ̀ láti wo kọ́ńpìnnì, òun ló sì máa sọ ẹni tí yóò máa darí apá wo. Òyìnbó yìí a máa kó abẹ àtijọ́ jọ, abẹ olójú kan nìkan. Pásónẹ́ẹ̀lì fẹ́ fún un ní ọ̀kan kí ojúure rẹ̀ lè wà lára òun. Ó ti bi gbogbo súpáfásọ̀ bóyá bàbá ẹnikẹ́ni fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi ní bàbá ìyàwó òun fi sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí ó mú un wá lọ́jọ́bọ̀, bí ó bá dára, òun á fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà?" ọkọ mi bi mí.  Ọmọ ogójì ọdún ó lé, tó ti ń fi ọwọ́ lásán gbé abọ́ gbígbóná, ó ń fi ojú bẹ̀ mí.

Mo gbé àpótí jáde ní Ọjọ́rú. Mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀, nítorí pé a ti pàdánù àwọn yòókù níbi tí a ti ń kó kiri. Mo gbé wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìpẹtà ti jẹ àkọ́kọ́ láti inú wá, ó dá ihò sí i lára bí ojú ẹni tí ṣọ̀npọ̀nná bá jà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ti dúdú, fàdákà sì wà lára rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ti jẹ díẹ̀, oríkèé rẹ̀ sì ń dún. Ẹ̀kẹta ni mo jókòó tì. Mo pa á dé, mo gbé e kọjú sí ojú ọ̀run. Ìlà ìmọ́lẹ̀ náà gún bí òwú. Mo mì í, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi èékánná wọ́ eyín rẹ̀, ó ń dún tíntín tíntín, kò fo ọ̀kan. Etí rẹ̀ méjèèjì mú ṣáṣá. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí èèkù rẹ̀ ṣì hàn ketekete. Ara rẹ̀ dúdú láti òkè délẹ̀, dúdú tó ní àwọ̀ aró díẹ̀ nínú, kò sì sí ibì kankan tí idẹ ti yọjú. Bí bàbá mi bá wà láyé, kò ní bi mí ní ìbéèrè kejì.

"Èyí ni," mo sọ fún ọkọ mi. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ọṣẹ gbígbẹ láàárín eyín rẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tẹ́ aṣọ funfun sójú fèrèsé, mo gbé e lé e kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ. Bí mo ṣe ń jáde lọ sílé ẹ̀kọ́, mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó ń ṣa ẹ̀pà.

"Ìyàwó," ó wí, "àbúrò mi ní nǹkan ojú fèrèsé yẹn ni ẹ fẹ́ gbé fún ọ̀gá rẹ̀. Nǹkan dúdú yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báyẹn lẹ ṣe máa gbé e lọ?"

Ó ń bi mí ní ìbéèrè. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Mo ní, "Ó dàbọ̀, mà," mo sì bá tèmi lọ. Ọjọ́ kẹtàlá nìyẹn, mo sì ti pinnu pé n kò ní kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn.

Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé, aṣọ funfun náà wà lórí itan rẹ̀. Ọkọ mi dúró tì í bí ẹni tí wọ́n pè wá wo òkú.

"Ìyàwó, wá wò ó," ó wí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí eyín rẹ̀.

Abẹ náà ń dán bí oòrùn. Ó pọ́n yòò. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni abọ́ eérú wà, àti ìdì ewé ìpín tó ti rọ, àwọn ewé yẹn tó máa ń ha ara bí ahọ́n ológbò, tí wọ́n fi ń ha igbá àti ìdí ìkòkò. Ó ti ha abẹ náà láti orí délẹ̀. Ó ha àárín eyín rẹ̀. Ó ha nọ́ńbà ìdí èèkù náà títí ó fi parẹ́.

"A kì í gbé ìdọ̀tí fún ẹni ńlá," ó wí. "Bí ẹ̀yin kò bá mọ̀, èmi mọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti wà nídìí rẹ̀. N kò tilẹ̀ yan ẹ̀pà lónìí."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá ibì kan tí fàdákà kù sí. Ó kù díẹ̀ nínú ẹnu rẹ̀, níbi tí ìka rẹ̀ kò lè dé. Mo sọ gbólóhùn kan ní èdè Òyìnbó, tí n kò ní kọ síbí, nítorí pé àwọn ọmọ-ọmọ mi á ka èyí.

"Kí ló sọ?" ó bi àbúrò rẹ̀.

Ọkọ mi wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó tó àkókò kó mọ oore," ni obìnrin náà wí.

A kò ní ọjọ́ mìíràn. Mo ní kí a gbé èkejì lọ, èyí tí etí rẹ̀ jẹ díẹ̀, nítorí pé ó kéré tán, àwọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọkọ mi ní kí a gbé méjèèjì. Ó ní kí n bá òun lọ. "Bí ó bá bi mí ní ìbéèrè, kí ni màá sọ? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Mo ń rántí gbólóhùn yẹn nígbà gbogbo. Ẹbí rẹ̀ kì í rántí rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo sá tẹ̀ lé e ni.

Ọ́fíìsì Pásónẹ́ẹ̀lì wà lókè, ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń to abọ́ sí. Abọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọkùnrin náà, ó kéré sí ọkọ mi lọ́jọ́ orí, ọkọ mi sì ń pè é ní sà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ó tú aṣọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí dúdú rárá, ó lọ bá èyí tó ń dán.

"Áà. Èyí dára o. Ṣé wúrà ni?"

"Ó jọ ọ́, sà," ọkọ mi wí.

Mo gbọ́ ọ. N kò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ó ṣí i, ó pa á dé, ó fi wo ojú ara rẹ̀. Ó fa dúróọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n tẹ orúkọ sí láti òkè délẹ̀. Ó ṣí bírò.

"Ta ló bá yín tọ́jú rẹ̀ báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, sà."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Àwọn àgbà ló mọ nǹkan án tọ́jú." Ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin obìnrin tó kàwé yìí, Màdáámù, kí ẹ má bínú o, bí kì í bá ṣe ìwé, ẹ kò mọ nǹkan kan án ṣe."

Bírò náà ti wà lókè ìwé. Ó ń wá orúkọ náà, ẹnu bírò ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo wí, "kì í ṣe wúrà. Idẹ ni. Fàdákà ló wà lára rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí, wọ́n ti fi ewé ìpín ha á dànù. Òyìnbó yín á mọ̀ bó bá ti fojú kàn án."

Ẹsẹ̀ ọkọ mi bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Kí lẹ wí?"

Mo gbé èkejì. Mo ní èyí ni kí ó fún un, pé etí rẹ̀ kan jẹ díẹ̀, pé oríkèé rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n pé ẹni tó bá mọ abẹ á mọ̀ pé ara rẹ̀ pé. Mo pa á dé, mo gbé e kọjú sí fèrèsé, mo fi ìlà ìmọ́lẹ̀ hàn án. Mo ń ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún kíláàsì. Mo fi lé e lọ́wọ́.

"Kí lẹ rí?" mo bi í.

"Ìdọ̀tí ni mo rí," ó wí.

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, sà."

"Màdáámù, ẹ fẹ́ kí n gbé èyí fún ẹni tó ti òkè òkun wá? Kó lè rò pé inú ààtàn la ti hú u?"

"Òun á mọ ohun tó ń wò, sà."

"Èmi ni n kò mọ ohun tí mò ń wò, àbí?"

Ọkọ mi ní, "Rárá o, sà, kì í ṣe ohun tó ń sọ nìyẹn." Ohun tó yẹ kí èmi náà sọ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n ni, sà. Ó ṣeé kọ́."

 Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì dé ìdérí bírò.

"Bàbá," ó sọ fún ọkọ mi, "ẹ ń gbádùn nílé yín o. Ẹ kó ẹrù bàbá wọn lọ fún wọn. Màá ra ère onígi kan fún òyìnbó. Ìyẹn kò ní olùkọ́."

A rìn délé, nítorí pé a kò lówó ọkọ̀. Nígbà tí a kọjá ojú irin, ọkọ mi ní, "Ó ti mú bírò."

"Mo rí i."

"O rí i?"

"Mo rí i."



Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí tó. Ohun tí mo sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pe ìpàdé ni pé òyìnbó náà kò ní ṣàì mọ̀, pé ojú á ti Pásónẹ́ẹ̀lì, pé á sì lé ọkọ mi lọ́jọ́ Ajé lọ́nàkọnà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn mi nínú ọ́fíìsì yẹn nìyẹn. Bí ó bá yin abẹ yẹn nìkan, mo rò pé ǹ bá gbé e mì. Obìnrin yẹn ló yìn. Pásónẹ́ẹ̀lì jókòó síbẹ̀, ó ń rán ọpẹ́ sí i, ó ń rán an láti ẹnu mi. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé òun á lè gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi àpilẹ̀kọ yín di ẹ̀pà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wà ní kíláàsì. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti dé ṣáájú mi. Ó jókòó sórí àga tí kì í jókòó sí, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lẹ́bàá rẹ̀, àti aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó gbé lọ, nítorí pé ó ti ya, wọn kò fẹ́ gbà á padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ọkọ mi kò sunkún rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sunkún fún un.

"Ó wà níbẹ̀," ọkọ mi sọ fún mi.

"Òyìnbó ńkọ́?"

Kí ló mú mi béèrè? Mo fẹ́ mọ̀ ni.

"Kò tíì dé," ó wí. "Ọ̀la ni."

N kò mọ̀ títí di òní ohun tí òyìnbó náà ì bá sọ. Ère onígi ni wọ́n fún un. Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn. Mo gbọ́ pé kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n ní kí Pásónẹ́ẹ̀lì náà máa lọ. N kò yọ̀ ọ́. Irọ́ ni, mo yọ̀ ọ́.

Ọkọ mi wá iṣẹ́ káàkiri ilé iṣẹ́ tó wà láti Sango dé Ìjù, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Lóṣù kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilẹ̀ ń bẹ ní Ṣakí, kí ó wá lọ gbin iṣu. Ó di ẹrù. N kò bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí pé kò bi mí pé ṣé màá tẹ̀ lé òun. Mo sìn wọ́n dé gáréèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé sínú ọkọ̀ ṣáájú, ó jókòó, ó gbójú sọ́nà. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Bí mo bá ránṣẹ́ pè ọ́, ṣé wàá wá?"

"Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé," mo wí.

"Mo mọ̀," ó wí. "Mo ní bí mo bá ránṣẹ́."

Awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn èrò ń kanra. Mo ní kí ó wọlé kí wọ́n má fi í sílẹ̀. Ó wọlé.

Kò ránṣẹ́. Ó máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ní Ìjù, iṣu ńlá ńlá, ó sì máa ń kọ orúkọ kálukú wọn sára tirẹ̀ pẹ̀lú ẹfun. Kò kọ tèmi sí ọ̀kankan. Ní ọdún kẹta, ó fẹ́ obìnrin mìíràn níbẹ̀. Àwọn ẹbí kò sọ fún mi. Ọmọ mi àgbà obìnrin ló lọ kí i nígbà ìsinmi, òun ló bá obìnrin náà nílé. Mo jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹun nígbà tó dé. Mo wá bi í pé irú obìnrin wo ni.



"Ó mọ iyán án gún, Màámi," ó wí. "Kì í sọ̀rọ̀."